Ọ̀rọ̀ tí Kàkà Sọ fún Rábì

Irọ́ ni mo fi ba eré ilé wa jẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Ọ̀yọ́. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ìyá mi ló jẹ̀bi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá wa, káfíńtà ni wọ́n. Haúsá ni ìyá wa, Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí, àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà. Àwa méjì ni wọ́n bí, èmi Jímọ̀ àti Rábì àbúrò mi. Nígbà tí Màmá rí i pé a máa ń dé Sábó tí a kò lè kí ìyá wọn, tí à ń pè ní Kàkà bí àwọn Haúsá ṣe ń pe ìyá àgbà, wọ́n dá eré kan sílẹ̀ fún wa. Wọ́n gé páálí ọṣẹ sí kéékèèké, wọ́n ya àwòrán sí i. Màmá ò mọ̀wé, wọn ò sì mọ àwòrán yà. Ràkúnmí wọn dà bí ewúrẹ́ tó ru ẹrù. Èmi ni mo ń kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe é, nígbà tí a bá jẹ tùwó yó tán. Màmá á fa páálí kan yọ, wọn á pe orúkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, a ó sáré lọ sí ògiri bàbá wa. Tó bá jẹ́ Haúsá nìkan, ó di ògiri Màmá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èdè méjèèjì, àárín yàrá la ó dúró sí, a ó pariwo pé, "Tiwa!" Ràkúnmí, tiwa. Wàhálà, tiwa. Ẹni tó bá gbà á á jẹ kúlíkúlí, ẹni tó bá ṣì í ló máa ṣa ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Rábì, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í kúrò láàárín rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni "Tiwa!" lẹ́nu tirẹ̀.

Tó bá wá kan àlùbọ́sà, ìjà dé. Bàbá wa á ní, "Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn, ẹ gbé e wá síbí." Màmá á ní, "Bàbá Jímọ̀! Ẹ jẹ àlùbọ́sà wa tán, ẹ tún fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ lọ?" A ó rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run wá.

Páálí kan wà tí mo kọ "sannu" sí. Màmá ní ibi tí àwa bá ti ń sọ "pẹ̀lẹ́" ni àwọn ti ń sọ "sannu," ì báà jẹ́ kíkí, ì báà jẹ́ ẹni tó farapa la ń bá kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi dé iléèwé.

Mo já bọ́ lórí igi máńgòrò iléèwé wa lọ́jọ́ kan, apá mi wú. Tíṣà ránṣẹ́ pe Màmá. Wọ́n sáré dé, òórùn àlùbọ́sà ṣì wà lára wọn, wọ́n gbá mi mọ́ra: "Sannu, dana! Sannu!" Ọmọ mi ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ sí "ṣàánú." Ọ̀kan na ọwọ́ méjèèjì síwájú: "Ẹ ṣàánú wa o, nítorí Ọlọ́run! Jímọ̀, ṣé alágbe ló bí ẹ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kì í ṣe ìyá mi. Obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà fún ìyá mi ni."

Màmá gbọ́. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi gbé apá mi kọ́ ọrùn, wọ́n wá sọ ọ́ ní Yorùbá tó mọ́ ketekete: "Sọ fún ìyá rẹ kó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ẹ." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, Màmá fúnra wọn ni wọ́n gbé omi kaná. Wọn ò bá mi wí, wọn ò nà mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí pankẹ́rẹ́ ṣe ń dunni láyé ìgbà yẹn. Ó wù mí kí wọ́n nà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Rábì kó páálí wá, Màmá ní kó lọ ṣeré níta. Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ Haúsá sí wa mọ́. Láàárọ̀, mo máa ń rí i tí wọ́n ń fi páálí yẹn dáná, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá wa béèrè ohun tó dé, wọ́n ní àwọn ọmọ ti dàgbà jù fún un. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́. Ìwọ̀nba Haúsá tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi. Rábì ò tilẹ̀ tíì gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí a ti dàgbà, Kàkà dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwa méjèèjì àti Màmá wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a gun kẹ̀kẹ́ dé Sábó. Màmá jáde lọ ra oògùn. Kàkà di ọwọ́ Rábì mú, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn, omi wà lójú wọn. Rábì yíjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni wọ́n ń sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbá mú níbẹ̀: uwa, ìyá. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Wọ́n ní o ò ní rìn nìkan. Ibi tí o bá dé, ilé ni yóò jẹ́ fún ẹ." Rábì ní, "Àmín," ó bú sẹ́kún. Kí Màmá tó dé, Kàkà ti sùn lọ. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú ní ọjọ́ kẹta. Bóyá iṣẹ́ ni wọ́n fi ń rán an sí ìyá wa, mi ò lè sọ.

Láyé ìgbà yẹn, ẹnu ìyá la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Lónìí, inú fóònù ni Rábì ti ń wá a. Ó ń dirun nítòsí Ọjà Igbó, ó ti bí ọmọ méjì, ó sì ti gé páálí fún wọn. Bí fóònù bá pe ọ̀rọ̀ Haúsá ní wọ́gọwọ̀gọ, Màmá tí wọ́n ti darúgbó á rẹ́rìn-ín, wọn á tún un pè. Àwọn ọmọ á pariwo, "Tiwa!" Inú mi máa ń dùn díẹ̀, kó tó di pé ó bà jẹ́.

Nítorí Rábì ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un sí ojú páálí kan, ó fẹ́ kọ Haúsá rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò fẹ́ ti fóònù. Màmá ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́. Ẹ sọ ọ́ bí Kàkà ṣe sọ ọ́ gan-an." Mo ní kó fún mi láyè kí n rántí. Ó ti lé lóṣù mẹ́fà.

Ohun tí mo jẹ Rábì ni kí n jókòó tì í, kí n sọ fún un pé mi ò gbọ́ ohun tí Kàkà sọ, àti pé èmi ni mo fà á tí òun náà ò fi lè gbọ́. Mo ti torí ẹ̀ lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó jókòó, ó ti ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti rántí ẹ̀?" Mo ní rárá o, mo kàn ní kí n yà wá kí àwọn ọmọ ni.