Pọ́ǹpù Inú Àpò Ìkúnlẹ̀

Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀ tuntun, tí mo wo inú rẹ̀ títí tí n kò rí táyà kankan níbẹ̀, ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ̀ mí lára.

Mo ní, "Sípéà rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Mọ́mì, kò ní. Mọ́tò oníná ni. Wọn kì í sábà ní in."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé adìyẹ ò ní eyín. Mo ní bí táyà bá wálẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ó fi ike kékeré kan hàn mí, ó ní omi inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń dà sínú táyà kó lè dí ihò. Mo gba ike náà, mo yí i wò lọ́tùn-ún lósì. Kò tóbi ju ike oògùn ikọ́ lọ. N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Aṣọ ni mo fi ọjọ́ ayé mi tà. Ní ọjà Tẹ́júoṣó ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi, n kò sì wa mọ́tò rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí atẹ́gùn lè ṣe. Ní Múṣín tí wọ́n bí mi sí, fọkanáísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwọn tó ń lẹ táyà létí títì wọ̀nyí. Ó ní táǹkì irin kan tó máa ń kó atẹ́gùn sí, tó ti dípẹtà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó ti oúnjẹ, ìyá mi ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́, táǹkì náà bú. Ilẹ̀ mì. Gbogbo wa dojú bolẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bàtà ọkùnrin náà kan ni a rí lórí páànù ilé wa. Wọ́n ní kò kú, wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n kò padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó gun òkè lọ mú bàtà náà. Òjò ló jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti kékeré, bí mo bá ti gbọ́ ṣùù tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nǹkan, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà.

Oyún ọmọ mi ti yọ dáadáa nígbà tí wọ́n ra mọ́tò náà. Oyún àkọ́kọ́ ni, kò sì tètè rí i. Ojú òkun ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan ká tó tún rí i. Nítorí náà ni mo ṣe kó aṣọ díẹ̀, mo wá bá a gbé ní Sùúrùlérè. Ilé ìwòsàn tó forúkọ sí wà ní Yábàá. Ọ̀nà náà kò jìn. Ṣùgbọ́n ibi tí kò jìn náà ni wọ́n ti ń kọsẹ̀.

Bí oyún ṣe wọ oṣù tí à ń retí, bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kì í wálẹ̀ lójijì. A ó fi sílẹ̀ lálẹ́ ní dídúró, a ó bá a láàárọ̀ tó ti jókòó bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò tú u, ó rì í sínú omi ọṣẹ, kò rí ihò. Ó ní etí irin rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde, pé kí a kúkú pààrọ̀ táyà náà. Ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní kò sí nílẹ̀, ó ní ó wà lórí omi. Táyà ń bọ̀, ọmọ ń bọ̀, a ò mọ èyí tí yóò ṣíwájú èkejì.

Ọ̀rọ̀ tó tún dá kún ẹ̀rù mi ni iye atẹ́gùn tí táyà náà ń gbà. Fọkanáísà fẹ́ fi ọgbọ̀n sí i bó ti ń ṣe fún gbogbo mọ́tò. Ọmọ mi ní rárá, ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́: méjìlélógójì.

Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. "Àǹtí, ṣé tírélà ni?"

"Bátìrì tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ wúwo ju màlúù lọ. Ẹ ṣáà fi ohun tí wọ́n kọ sí i."

Méjìlélógójì! Mo ti wà lẹ́yìn ògiri kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Bàtà orí páànù ni mò ń rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Fọkanáísà kì í dé kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, kì í sì í wá bí òjò bá ń rọ̀. Ìrọbí kì í wo ojú òjò. Mo wá rí i pé a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tiwa tí yóò máa fẹ́ táyà yìí. Èmi tí mò ń sá fún atẹ́gùn ni mo ní kí a lọ ra pọ́ǹpù.

Ọmọ mi ti rí ọ̀kan lórí fóònù, ó kéré, ó dà bí ọṣẹ ìfọṣọ, bátìrì tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ta ni yóò máa rántí fún un ní iná? Àwọn tó ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n yìí? Bó bá kú lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mọ́tò fúnra rẹ̀, kí ló ń jẹ? Ṣebí iná náà ni."

"Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ ẹ̀rù méjì. Èyí tí yóò gba iná lára mọ́tò ni kí a rà." Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ẹ̀rù mìíràn tún dé. "Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá mu iná mọ́tò, kí ni mọ́tò yóò fi gbé ọ dé Yábàá?"

"Bí ẹ bá fi ṣíbí bu omi nínú kànga, ṣé kànga á gbẹ?"

Ó dára. Kí n tó lọ sọ́jà, mo wọn ibi tí wáyà máa gbà. Ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò láyé ijọ́un, inú rẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń gba iná, iwájú ló sì wà. Táyà wa, ẹ̀yìn ló wà. N kò rí okùn. Mo bá fa ọ̀já tí mo ti rà sílẹ̀ fún ọmọ yọ nínú àpò ìkúnlẹ̀, àpò tí a di ẹrù ìbímọ sí, mo so ó mọ́ ọ̀já mi àtijọ́, mo nà án láti ihò náà gba ojú fèrèsé dé ara táyà. Lẹ́yìn náà ni mo fi ara wọ̀n ọ́n bí àwa aláṣọ ti ń wọn aṣọ: láti imú dé ṣóńṣó ìka ọwọ́ tí a nà, ọ̀pá kan. Ó jẹ́ ọ̀pá mẹ́rin. Dúdú táyà ti ta sí etí ọ̀já tuntun náà.

Ní ọjà Ládípọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò fà mí mọ́ra. "Ìyá Alhájà, ẹ káàbọ̀!" N kò dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n lójú wọn, ìbòrí ti tó. Ó kọ́kọ́ gbé èyí tó ní ẹnu méjì bí akàn jáde, ó ní orí bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi í há. Ọmọ mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi irin kan ohunkóhun níbẹ̀. Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Ó gbé èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wá.

"Èyí ò jẹ iná rárá, Ìyá. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

"Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́? Èmi tí orúnkún ń dùn, àbí aboyún?"

Àwọn tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Ó wá mú èyí tó ní ojú gíláàsì jáde, tí wọ́n ń tẹ iye atẹ́gùn sí, tó sì máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá pé. Mo fa wáyà rẹ̀, mo fi í sí imú, mo na ọwọ́.

"Alhájà! Wáyà ni o, kì í ṣe lééṣì!"

"Kò pé ọ̀pá mẹ́rin."

"Ó máa dé ibẹ̀, ẹ má wòrì."

"Ibo ló máa dé? Ṣé o mọ mọ́tò ọmọ mi ni?"

Ó mí kanlẹ̀, ó tú àwọn páálí ẹ̀yìn, ó mú òmíràn jáde. Èyí kọjá ọ̀pá mẹ́rin dáadáa. Mo ní kó dán an wò fún mi kí n rí i bó bá máa dákẹ́ lóòótọ́. Bó ti so ó mọ́ táyà kan, ẹ̀yìn òpó ni mo lọ. Ó pariwo, pariwo, ó sì dákẹ́. Mo ní kó tún un ṣe.

"Ẹ̀rù yín pọ̀ o, Ìyá."

"Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n dàgbà. Tún un ṣe."

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ní èmi gan-an ni kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo kọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wò mí. "Lọ́jọ́ náà, Mọ́mì, ṣé èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà?" Mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, n kò fi pọ́ǹpù náà sí búùtù, nítorí fóònù ni wọ́n fi ń ṣí búùtù mọ́tò yẹn, n kò sì fọkàn tán an. Inú àpò ìkúnlẹ̀ ni mo fi í sí, láàárín aṣọ ọmọ àti òwú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán, mo ṣì wà lórí ẹní, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti inú yàrá: ìrọbí ti mú un. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da yanrìn sórí páànù. A pe mọ́tò tí wọ́n ń fi fóònù pè, kò sí ẹni tó dáhùn. Mo kan ilẹ̀kùn bùrọ̀dá òkè, olùkọ́ ìṣirò kan tí ọmọ mi ti bẹ̀ sílẹ̀ pé yóò wà á bó bá di ọjọ́ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbòjò. A gbé ọmọ mi sí ẹ̀yìn mọ́tò. Mo wá wo táyà. Irin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Bùrọ̀dá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó máa gbé wa débẹ̀."

"Bó bá ya lójú ọ̀nà, nínú òjò yìí, o lè gbé e pọ̀n?"

Ó tan mọ́tò kí iná lè dé inú ihò náà, mo na wáyà gba ojú fèrèsé. Iná àti omi, mo ronú rẹ̀. Bùrọ̀dá na agbòjò lé mi lórí. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo so ẹnu pọ́ǹpù mọ́ táyà, mo tẹ méjìlélógójì, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà ké. Mo ń wo iye náà bó ti ń gòkè. Nígbà tó kọjá ọgbọ̀n, rọ́bà táyà dún kẹ́, bùrọ̀dá sì sún sẹ́yìn.

"Màmá, ó ti tó! Ẹ yọ ọ́!"

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré. Ọmọ mi ké láti inú mọ́tò, láàárín ìrora méjì: "Kò tíì tó! Ẹ fi sílẹ̀ kó dákẹ́ fúnra rẹ̀!"

Mo fi sílẹ̀. N kò lọ sí ẹ̀yìn ògiri, kò sí ògiri níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé táyà náà, mo ń sọ orúkọ Ọlọ́run, ó sì ń le sí i lábẹ́ ọwọ́ mi títí ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Mọ́tò yẹn kì í dún. Mo ti máa ń bú u tẹ́lẹ̀ pé ó ń yọ́ rìn bí olè, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà mo dúpẹ́, nítorí mo lè fi etí sí táyà. Bó bá bọ́ sí kòtò, n ó di ọwọ́ ọmọ mi mú. Bí omi bá gba ojú ọ̀nà, n ó di í mú. Bẹ́ẹ̀ ni a rìn títí bùrọ̀dá fi yà wọ ọgbà ilé ìwòsàn.

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àdúrà kan ṣoṣo ni àwa ìyá máa ń gbà nírú àkókò bẹ́ẹ̀: ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Mo ń gbóhùn ìyá. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ohùn náà dákẹ́, n kò sì gbọ́ òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ti gùn tó. Mo ti gbọ́ ti táǹkì tó bú ní Múṣín, èyí le jù ú lọ.

Ọmọ ké.

Nọ́ọ̀sì jáde wá gba aṣọ ọmọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, pọ́ǹpù ló fà yọ, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí. "Ìyá, kí lèyí? Ọmọ yín sanra dáadáa o, kò nílò kí a fẹ́ ẹ." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ sílé, táyà náà ti tún jókòó. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èrò ọgbà ilé ìwòsàn, mo fẹ́ ẹ, n kò dijú. Táyà tuntun ti dé báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ èyí tó ń jò. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí síbẹ̀. Bí mo bá rí ọmọ mi tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sídìí mọ́tò, ìdí táyà ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀já tí mo fi wọn wáyà ni ó fi ń pọn ọmọ náà. Dúdú táyà wà ní etí rẹ̀ títí di òní. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti sá a sí oòrùn, kò lọ.