Ojú Ìwé Tó Kù Nísàlẹ̀ Agolo Nimai

Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé girama Belpukur jáde láti lé olóògbé Nimai Pramanik kúrò lẹ́nu géètì, gbogbo ìlú ló pa iṣẹ́ tì kó lè wòran. Nimai ń ta múrí, ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi ata, àlùbọ́sà àti òróró músítádì pò. Bébà ìwé àlòkù ló fi ń wé e ní ṣóńṣó.

"Nimai, òróró ẹ ti ba ìwé àwọn ọmọ mi jẹ́. Gbé agolo ẹ, kó o máa lọ!"

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ wò."

Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán, ó tú bébà, ó kà á, ó yí i padà, ó tún kà á. "Ìyókù dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ orí ìlà, sà. Ẹ tò sẹ́yìn wọn."

Ọ̀gá tò. Agogo ìwọlé kò dún títí oòrùn fi kan àtàrí, nítorí ẹni tó ń lù ú náà wà lórí ìlà.

Ọmọ àwọn tó ń sun bíríkì àti àwọn tó ń wé sìgá ewé ló pọ̀ jù nílé ìwé náà. Ìwé ìtàn kan kò sí nílé wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé kún fún ìwé, àmọ́ àpò ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, kí ọwọ́ ìdọ̀tí má baà kàn wọ́n. Nimai wá ń ya ìwé kan, ojú ewé kan fún ọmọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn gbọ́dọ̀ wá ẹni tí tirẹ̀ ṣáájú àti ẹni tí tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Nídìí iná bíríkì, wàá máa gbọ́:

"Ta ló ni ojú ewé ogójì?"

"Èmi ni! Àmọ́ mo ti jẹ igun kan níbẹ̀, iyọ̀ ló wà lára ẹ̀."

Lọ́dọ̀ Haripada tó ń ta bébà àlòkù, Nimai á kọ́kọ́ gbóòórùn ìwé kó tó rà á. "Ó wúwo jù. Òjò pọ̀ nínú ìtàn yìí. Yọ omi rẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n."

"Orí ẹ dàrú! Òjò wo?"

Haripada jókòó, ó ń wá òjò nínú ìwé títí ó fi gbàgbé láti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìtàn tí Nimai yà kẹ́yìn ni ti ọmọbìnrin atukọ̀ kan tó wọ inú omíyalé láti gba ọkọ̀ bàbá rẹ̀ padà. Nimai fi ojú ewé tó kẹ́yìn pa mọ́ sísàlẹ̀ agolo. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lè sọ ọ́ láìfo ibì kan ni mo máa fún yín." Moyna, ọmọ ìyá oní-sìgá-ewé, ẹni tó máa ń gbẹ́yìn ní kíláàsì, sọ ọ́ délẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nimai ní kó padà wá lọ́la.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nimai wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ ìparí ìtàn yẹn fún yín."

Èmi tí mo ti ka gbogbo ìwé ìlú yìí tán, àyàfi ẹyọ kan yẹn! Ìtàn ọ̀nì tí mo fi agbòjò ṣẹ́gun ni mò ń ròyìn lọ́wọ́. "Dúró ná," mo ní, "mi ò tíì dé ibi ìrù ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dé agolo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Nimai ti kú.

A ṣí agolo. Òróró ti rin bébà gbindin, ọ̀rọ̀ ojú kan hàn sí èkejì, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Ọ̀gá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́rìnlá, bóyá irú ìwé náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tú gbogbo rẹ̀. Kò sí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó jáde lọ́wọ́ òfo, ọ̀gá kò sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ ìdọ̀tí mọ́. Ó ń nu ojú, ó ní eruku ni.

Moyna wá bá mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ bàbá oní-múrí kẹ́yìn. Ṣé ọmọ atukọ̀ yẹn gúnlẹ̀?"

Ọ̀nì mi ń gùn sí i lọ́dọọdún, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi kọ̀ láti purọ́.

"Ọmọ mi, ó fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Ó jókòó síbi tí Nimai máa ń jókòó sí.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ dákẹ́ báyìí, kí n sọ bó ṣe gúnlẹ̀ fún yín."

Mo dákẹ́.