Wọ́n Ní Ọtí Ni

Pẹ́ńtà ni, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà láàárín àwọ̀ méjì, kò ní fi rúlà, ìlà náà kò sì ní wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ṣúgà, torí pé ṣúgà oníhóró kì í tán nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́ máa gbọ̀n, á ju hóró kan sẹ́nu.

"Ṣúgà, rọra o! Èèrà á gbé ẹ lọ lórí àkàbà níjọ́ kan."

"Kí wọ́n gbé mi dé àjà. Ẹsẹ̀ mi á sinmi."

Ẹ̀rín ni nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Láàárọ̀, kó tó jẹun, ojú rẹ̀ á ṣú, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, òógùn á bò ó, á wá máa sọ ìsọkúsọ. Ó bú ọ̀gá rẹ̀ níjọ́ kan, kò sì rántí. Ó fi ọ̀dà dúdú kun ògiri tí wọ́n ní kó kùn ní funfun, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀, kò gbóòórùn kankan. Síbẹ̀ ó ní ọtí ni. Ọkùnrin tí kì í fẹnu kan ọtí.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan gbọ́ tẹnu wọn, ó ronú, ó ní:

"Ẹ̀yà ara kan wà tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, ó gùn bí ahọ́n. Páńkíríà là ń pè é. Ó ní oje tó ń tú jáde, oje yẹn ló ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ó ṣeé ṣe kí kókó kékeré kan ti hù lára tiyín, kó máa tú oje náà láìdáwọ́ dúró. Kì í wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ abẹ á yọ ọ́. Bí ẹni bó ẹ̀pà ni."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ máa dùbúlẹ̀ síbí láìjẹun, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Omi lásán nìkan. Bí ṣúgà yín bá já wálẹ̀ lójú wa, a ti mú olè nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́, kò lè sùn nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n Ṣúgà obìnrin ní kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í bí kò ṣe òun. "Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà nígbà tí ìyá wa kú." Ta ló máa bá a jiyàn?

Kò rántí púpọ̀ nínú àwọn ọjọ́ yẹn. Ó rántí àjà yàrá náà, ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, ọwọ́ ń yún un láti ha á kúrò. Ó rántí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ife létè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wá, á gba ẹ̀jẹ̀, á lọ.

Ṣúgà rẹ̀ kò já.

Dókítà dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò yé e. "Màmá, ẹ ò fún un ní nǹkan kan?"

"Omi ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Omi lásán."

Wọ́n ní á jẹ́ pé kì í ṣe kókó. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ dé etí ọ̀gá: ilé ìwòsàn wò ó títí, wọn ò rí nǹkan. Ọ̀gá ní kó má wá mọ́. Àwọn ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n fi ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó fi ọtí sílẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí."

Àǹtí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ṣáà gbọ́ tàwọn àgbà," ló wí.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú ní títì, gìrì mú un, àwọn tó ń kọjá gbé e lọ sílé ìwòsàn mìíràn. Níbẹ̀, kò jẹun alẹ́, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ṣúgà rẹ̀ ti já. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Kókó wà ní ìrù páńkíríà, ó ti dàgbà.

Oníṣẹ́ abẹ tó máa yọ ọ́ kò fi nǹkan kan bò. "Màá gé ìrù yẹn kúrò, kókó á bá a lọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Kókó náà ti ju irúgbìn síbẹ̀. N ó kó èyí tí ọwọ́ mi bá tó. Ká ní a ti rí i tẹ́lẹ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ní kí ìyàwó fún àwọn láyè díẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbúrò mi, ṣúgà ni mo ń pò mọ́ omi yẹn. Ojú ẹ ń yí, o ń ké bí ọmọ tuntun. Mi ò lè wò ó."

Ọkùnrin náà ní, "Nígbà tí dókítà bi yín ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Nígbà tí wọ́n fi mí kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ti omi yẹn, mo lè gbàgbé," ló wí. "Àánú ló ṣe yín. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé n ò mutí, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí lọ́mùtí."

"Bó o bá jáde láàyè, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo fi ìyá wa búra."

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ó jáde láàyè. Ojú ọgbẹ́ ń ta á, ṣùgbọ́n láàárọ̀ tó jí, orí rẹ̀ pé, ara rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń wo ògiri, ó ń rí gbogbo ibi tí ẹni tó kùn ún ti ṣe é ní ìdàkudà. Ó rẹ́rìn-ín títí ọgbẹ́ fi ní ó tó.

Àwọn ẹbí dé lásìkò àbẹ̀wò. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní, "A dúpẹ́. Ọtí yẹn wá ńkọ́, ṣé o ti gbọ́n báyìí?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi, ó yá."

"Kí ló yá?" Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

Ó rí i pé kò ní sọ. Ló bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, látorí omi dórí ìbúra. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Àǹtí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ ò rí i? Bó ṣe máa ń sọ ìsọkúsọ nìyẹn. Oògùn oorun ṣì wà lójú rẹ̀."

Àbúrò bàbá rẹ̀ fọwọ́ tù ú lẹ́sẹ̀. "Sinmi, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Lọ́jọ́ tí orí rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ní kò dá.

Wọ́n lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló kù. "Mo gbà yín gbọ́," ló wí.

"Mo mọ̀. Ìwọ kọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún."

Ẹ̀dọ̀ ló pa á, kí ọdún tó yí po. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá sílé. Ó ń fọ aṣọ wọn, ó ń gbálẹ̀, ó ń gbé ọmọ pọ̀n. Tó bá wá kan ilẹ̀kùn yàrá, ọkùnrin náà á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Sọ fún Àǹtí pé mo ti sùn."

Àǹtí ń gbọ́ ọ níbi tó dúró sí. Á yí padà, á máa lọ.