Okùn Bísí ni mo fi borí Bísí

Òní ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé mo ti gba àyè ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Bísí lọ díje l'Ékòó, kálukú nínú ọkọ̀ onígbòkun tirẹ̀, kí wọ́n lè yan àwọn tó máa ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje nílẹ̀ òkèèrè. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, okùn tí mo fi ń fa ìgbòkun já. Bísí yá mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Mo ṣe ipò kìíní, òun ṣe ìkejì.

Mo wá pè é lọ́sàn-án yìí, inú mi ń dùn: "Ọjọ́ wo la máa jọ lọ gba físà?"

Ó ní, "Àwa wo? Ọkọ̀ kan péré ni orílẹ̀-èdè kan ń mú lọ. Ìwọ ni."

Háà! Níléèwé mi lókè òkun, ọkọ̀ mẹ́ta là ń kó lọ síbi ìdíje. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tibí.

Mo ní kí n dá okùn rẹ̀ padà. Ó ní, "Mú un lọ jàre. Kí nǹkan tèmi náà ṣáà dé bẹ̀."

Ìyá àgbà, tí mo wà lọ́dọ̀ wọn n'Ílódè, gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó yá ẹ ní ọkọ́, o wá fi gba oko ẹ̀!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n mú okùn yẹn lọ, àbí kí n dá a padà?