Omi Búlúù Inú Ìdáyátù

Bí ẹ bá dé ọjà ẹja ní Kado, tí ẹ bèèrè Ìdáyátù ọmọ Ìlọrin, wọn yóò ti nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹ tó pe orúkọ náà tán. Àbúrò mi ni. Ẹja àrọ̀ ló ń tà, láàyè, nínú ọpọ́n ńlá. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ nìkan ni apá rẹ̀ kò ká. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó wọn kílò méjìlélógóje. Orúnkún ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé, àga ló sì fi ń kírun.

Ó ti gbìyànjú láti dín oúnjẹ kù títí ó fi sú u. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú yóò sọ fún mi pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. N kò lè bá a wí. Èmi náà kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Ọsibítù aládàáni kan ló ti gbọ́ nípa bàlúùnù tí wọ́n ń fi sínú ikùn. Wọn yóò tì í gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, wọn yóò bu omi kún un, yóò sì gba àyè, tí oúnjẹ díẹ̀ yóò fi máa yó ènìyàn. Kò sí pé à ń la inú. Dókítà Ànú tó ṣe é fún un kìlọ̀ ohun méjì. Èkíní, oṣù mẹ́fà péré ni bàlúùnù náà yóò lò, wọn yóò yọ ọ́. Èkejì ni pé wọ́n ti da aró búlúù sínú omi rẹ̀. Bí bàlúùnù bá jò, ó lè bọ́ sínú ìfun kí ó dí i, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n aró náà yóò jáde nínú ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá ti di búlúù, kí ó máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ èyí, òun náà kò sì sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ni ṣáá. Lẹ́yìn náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ní oṣù kẹfà, Ìdáyátù ti ń forí kanlẹ̀ kírun. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo rí i. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá yọ bàlúùnù, ó kọ̀.

“Àǹtí mi, ilé tó ń dára lọ, ṣé ẹnì kan ń wó o? Ó ku oṣù méjì sí i.”

Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù kẹjọ ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Mo pe Àfáà Àbdùlràhmọ̀n ní Ìlọrin, àwọn tó kọ́ wa ní Kùránì ní kékeré. Wọ́n kọ àdúà sára pátákó wàláà, wọ́n fi omi fọ tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ike, wọ́n fi rán awakọ̀ sí wa. Hàntú nìyẹn, a ti ń mu ún láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ìdáyátù mu ún ní Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, ó ké sí mi láti balùwẹ̀.

“Kai, Àǹtí mi, ẹ wá wo ìtọ̀ mi.”

Búlúù ni, bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ àdìrẹ. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ.

“Alhamdulilahi. Tàdáwà ló ń jáde yẹn. Hàntú ti ń fọ inú rẹ.”

Ìdáyátù tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni lọ́jà pa ẹnu mọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Ó padà lọ dùbúlẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú ń tì mí.

Mo pe Àfáà láti dúpẹ́. Mo kì wọ́n, mo yìn wọ́n, mo ní ọwọ́ wọn mà ṣiṣẹ́ o.

“Àwọ̀ wo lo ní o rí, Balkis?”

“Búlúù, Àfáà.”

“Èédú ni mo fi ń po tàdáwà. Dúdú ni. Búlúù yẹn kì í ṣe tèmi. Kí ló tún wà nínú àbúrò rẹ? Bi í léèrè, kí o sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.”

Mo ti gbé ògo fún wọn tán, wọ́n dá a padà. Mo bi Ìdáyátù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì gbé e lójú ẹsẹ̀. Láti ilé wa ní Lokogoma dé ọsibítù, n kò mọ bí mo ṣe wa ọkọ̀.

Àwòrán fi hàn pé bàlúùnù ti rọ, ó ti dé ẹnu ìfun, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé. Wọ́n gba ọ̀fun yọ ọ́. Dókítà Ànú gbé e wá hàn mí nínú àwo, ó rún bí awọ tòmátì. Ó ní ká ní a dúró di ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀bẹ ni, tàbí ohun tí kò fẹ́ dárúkọ. Mo ń wo nǹkan náà, ẹ̀rù ń bà mí, ó sì ń yà mí lẹ́nu. Ẹnì kan jókòó níbìkan, ó rò ó pé omi kò lẹ́nu tí yóò fi ké, ló bá fún un ní àwọ̀.

Mo ròyìn fún Àfáà lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìdáyátù. Ó ya àwọn náà lẹ́nu.

“Bá mi bèèrè orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan aró yẹn, kí n fi sínú àdúà.”

Dókítà Ànú mi orí. “Èmi kọ́ o, mà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò mọ orúkọ ẹni náà.”

Mo sọ fún Àfáà bẹ́ẹ̀.

“Kò burú,” ni wọ́n wí. “Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.”

Mo jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúà fún ẹni tí a kò mọ̀ yìí. Dókítà Ànú, ọmọ Èkìtì tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tẹrí ba títí wọ́n fi parí. Irin tí wọ́n fi yọ bàlúùnù ti ha ọ̀fun Ìdáyátù, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Síbẹ̀ òun ni àmín rẹ̀ ròkè jù nínú wa.