Màmá Ní Kí A Má Jọ Wọ Ọkọ̀ Òfurufú Kan Náà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí ìrìnàjò tọkọtaya ṣe fẹ́ dá ilé wa rú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà náà, Àrámọkọ là ń gbé, tísà sì ni èmi àti ọkọ mi.

Ọkọ mi ti lọ ṣe kọ́ọ̀sì kan rí ní Turku, ìlú etíkun kan ní Finland. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níbẹ̀ wá pè é padà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kó mú ìyàwó ẹ̀ dání. Èmi tí mi ò kọjá Ìbàdàn rí! Mo ti ń wo ara mi létí òkun, tí èmi àti ọkọ mi di ọwọ́ ara wa mú.

A jọ lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ìwé ìrìnnà. Nígbà tí a fi máa dé, iyán tí mo gbé kalẹ̀ fún Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ṣì wà bí mo ṣe bò ó. Bí a ṣe wọlé ni wọ́n ṣí i jẹ. Mo ní àbí iyán tútù ló wù wọ́n ni?

Lọ́jọ́ kejì, a sọ fún wọn pé àwọn ni yóò mójú tó Bọ́lá, ọmọ wa kékeré. Wọ́n bi wá bóyá ọkọ̀ òfurufú kan náà la jọ máa wọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé tọkọtaya á tún máa wọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

"Mi éè gbà!" Màmá fò dìde. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ ṣáájú, kí ẹnì kejì tẹ̀lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a wá ẹlòmíì tó máa gba ọmọ.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Kí ló kù nínú ìrìnàjò tọkọtaya bí kálukú bá ń dá lọ? Ẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú gan-an ń bà mí! Ọkọ mi gbóhùn sókè, ó ní mọ́tò ń pa èèyàn ju ọkọ̀ òfurufú lọ. Màmá ní ó dáa, kí a má jọ wọ mọ́tò náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá náà lésì ń sún mọ́lé.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, kí la ṣe?"

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bàbá àti ìyá àwọn jọ wọ lọ́rì kan náà lọ sí Iléṣà. Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, bíréèkì já.

"Láàárọ̀, mo ní bàbá, mo ní ìyá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹbí ti jókòó ní ulé wa láti pín wa."

Àbúrò wọn ọkùnrin lọ sí Odò-Ọwá, àwọn lọ sí Ìlórò. Nígbà tí wọ́n fi máa tún fojú kan àbúrò yìí, kò dá wọn mọ̀ mọ́.

Màmá wá ní, "Mi éè lè gba ọmọ tí mi éè mọ ẹni tí mo máa dá a padà fún."

Ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé àwọn òbí ìyá òun ti kú tipẹ́, àmọ́ kò mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Bí a ṣe pín ìrìnàjò wa nìyẹn o. Ó lọ ṣáájú, mo tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Èmi nìkan nínú ọkọ̀ òfurufú, mo di àga mú gírígírí! Nígbà tí mo rí ọkọ mi ní Turku, ẹkún ni mo fi kí i. Kí a tó ṣe ohunkóhun, a lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, a tẹ wáyà sílé.

Ìgbà tí a padà dé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà, ni obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, omi nìkan ni Màmá ń mu. Ẹni tó mú wáyà wá fẹ́ kà á, Màmá ní kó dúró ná, orúkọ mélòó ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀? Ó ní méjì ni. Màmá ní kó má wulẹ̀ kà á mọ́. Wọ́n pọn Bọ́lá, wọ́n wá oúnjẹ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àgbà bá ní rárá, ẹ má kàn bínú, ẹ bi í léèrè ohun tó ti rí. Màmá ti lọ sinmi báyìí. Bọ́lá ti bímọ, ó sì ní kí n wá bá òun mójú tó àwọn ọmọ, òun àti ọkọ òun fẹ́ rìnrìn-àjò. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ bi í?

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ni àgbà ilé yín kọ̀ fún yín, tí ẹ wá mọ ìdí ẹ̀ nígbẹ̀yìn? Mo ń retí tiyín o.