Ìlù Tí Mo Kùn ní Funfun

Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀dà ni a kọ́kọ́ rà. Bí a ti ń ṣe é ní Ìpótì nìyẹn nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó: òkú á wà ní mọ́ṣúárì, àwọn tó wà láàyè á máa tún ilé ṣe, kí àlejò má baà bá ògiri tó ti dúdú. Èmi ni àkọ́bí. Tíṣà ni mí ní Aramọkọ, mo gba ìsinmi wá sílé. Gbogbo ẹbí ń retí pé kí n sunkún, n kò sì sunkún. Kì í ṣe pé mo ń ṣe akin. Kò sí ohun tó ń ṣe mí ni. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń dá àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lóhùn bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì.

Nínú yàrá bàbá mi, ìlù òyìnbó ńlá kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù. Kí ó tó di ọ̀gá ilé-ìwé, òun àtàwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ eléré kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ tú, òun ló gbé ìlù náà wálé. N kò rí i kí ó lù ú rí. Ara ìlù náà ló kàn ń tọ́jú. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi wé ìlù náà yípo, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí epo ọkọ̀ tó kán sínú omi òjò: búlúù níbí, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, bí o bá sún díẹ̀, ó tún yí padà. Aṣọ ibùsùn àtijọ́ ni bàbá mi fi ń bò ó kí oòrùn má baà kàn án.

Ọkùnrin kan máa ń ti Àkúrẹ́ wá nítorí rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó wá ń kó ìlù àwọn ẹgbẹ́ eléré àtijọ́ jọ sínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ní kò tilẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ kó bá orin mu. Bó bá ti dé, bàbá mi á ṣí fèrèsé, á ká aṣọ kúrò, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ìlù bí ẹni tó wá kí ọmọ tuntun, wọn á máa wo àwọ̀ náà. Mo gbà pé orí wọn kò pé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé ìlù pọ̀ nílẹ̀, àwọ̀ yìí ni kò sí mọ́. Àwọn tó ṣe é kò ṣe é pẹ́, oòrùn sì ti sọ púpọ̀ nínú èyí tó kù di àwọ̀ tíì. Ẹni tó bá sì tún un kùn, bó ti wù kó mọ ọ̀dà kùn tó, ó ti bà á jẹ́. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ìwé àwọn ọmọ ni mo ń máàkì.

Ó bẹ bàbá mi títí, bàbá mi kò fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, ó pè mí.

“Bí n kò bá sí mọ́, ọ̀gá Àkúrẹ́ ni kí o fún ní ùlù yẹn. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n wò.”

Mo ṣèlérí.

Nígbà tí a wá ń tún ilé ṣe, ìyá mi ní, “Kun gbogbo ulé, ọmọ mi. Má fi igun kankan sílẹ̀.” Mo kun ògiri, mo kun fèrèsé, mo kun bẹ́ǹṣì tó wà níta. Ọwọ́ mi kò fẹ́ dúró, nítorí n kò mọ ohun tí mo máa ṣe bó bá dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ká aṣọ kúrò lórí ìlù. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó nù ún. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, eruku ti bò ó. Mo ní n kò lè gbé nǹkan ìdọ̀tí lé àlejò bàbá mi lọ́wọ́. Mo fi ọ̀dà funfun tó ń dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mú dáadáa. Ìyá mi yọjú, ó ní, “O kú uṣẹ́.”

A sin bàbá mi. Mo pín oúnjẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wojú mi, ojú mi gbẹ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkùnrin Àkúrẹ́ gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù dé. Mo mú un wọ yàrá, mo ṣí fèrèsé, mo ká aṣọ, mo sì dúró kí ó yìn mí. Ó jókòó. Ó fi ìka kan ọ̀dà náà.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, sà. Mo ní kí n tún un ṣe kí ẹ tó dé.”

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí mo ń máàkì ìwé padà wá sí mi létí, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú tì mí. Kò tì mí tó bó ti yẹ. Mo kàn lọ gbé tínà tí a fi ń po ọ̀dà wá. Ọkùnrin náà da díẹ̀ sára àkísà, ó fi nu ibì kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀dà ṣí, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Ike náà yọ́, ó dàbí eérú.

“Ó tó,” ló wí.

Lẹ́yìn náà ó yọ sípánà kékeré lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn irin tó di òrùka igi mọ́ etí ìlù. Mo bi í bóyá awọ ló fẹ́ pààrọ̀. Ó yọ òrùka náà. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì mi kò dé, àwọ̀ náà wà yípo, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Oòrùn kò kàn án rí. Ó dán ju gbogbo èyí tí mo ti ń rí láti kékeré lọ.

Mo pe ìyá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa.

“Bó ti rí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé e wọ ulé nìyí,” ló wí.

Mo ní ó yẹ kí bàbá mi rí i. Mo ti yíjú sí ìlẹ̀kùn láti lọ pè é kí n tó rántí.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti mú mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, omi ń dà ní imú àti ojú mi. Ọkùnrin náà dá òrùka padà, ó de àwọn irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé ìlù funfun náà lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí bàbá mi ti wí. Ìyá mi jókòó tì mí. Kò ní kí n dákẹ́.